Láti Nairobi dé Cape Town nínú lọ́rì: ṣé ẹni ọdún 58 lè ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ni mí, mo sì ti pé ẹni ọdún 58. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Manchester rí ìrìn àjò ọjọ́ 56 kan tí wọ́n ń fi lọ́rì ṣe láti Nairobi títí dé Cape Town, inú àgọ́ ni wọ́n sì ń sùn. Ó ní ká jọ lọ. Mi ò sùn nínú àgọ́ rí láyé mi. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni tèmi, ti Bìrìtìkó ni tirẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni kí n fojú ara mi rí àwọn ẹran tó ń rọ́ gba inú odò kọjá ní ìhà Serengeti ní Tanzania. Ṣé kí n lọ? Ṣé gbogbo rẹ̀ náà ni kí n lọ? Kí ni kí n gbé dání, ṣé mo sì lè mú gàrí àti ata?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi, Mà. Ọdún 9 ni mo fi bá àwọn lọ́rì yẹn ṣiṣẹ́. Alásè ni mí fún ọdún 4 àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fi mí ṣe aṣíwájú èrò. Ohun tí mo máa sọ kò lọ́ra: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ra ọjọ́ 56. Ẹ ra ti Nairobi sí Victoria Falls, níbi tí omi ńlá ti ń já láti òkè láàárín Zambia àti Zimbabwe, ìrìn tó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí ìdajì tó kù di ti ọdún mìíràn. Victoria Falls ni èrò ti máa ń pààrọ̀, àwọn kan ń sọ̀, àwọn kan ń wọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò bá wọn dé ìparí.

Ọjọ́ orí yín kọ́ ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ o. Bàbá ẹni ọdún 67 kan wà tí mo gbé rí, òun ló máa ń kọ́kọ́ tú àgọ́ rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ọdún 23 ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ kiri. Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú: ìjókòó, àti pásípọ́ọ̀tù yín.

Ìjókòó ni kí n fi ṣáájú, torí àwọn tó ń ta ìrìn àjò yìí kì í yà á sínú àwòrán. Sàfárì tí gbogbo ayé ń pè yìí, "ìrìn àjò" lásán ló túmọ̀ sí ní èdè Swahili, ìrìn náà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́rì gidi ni ọkọ̀ ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì, wọ́n kàn kan ilé lé e lẹ́yìn ni: ìjókòó bíi 24, fèrèsé gbàràmù-gbaramu, àpótí onírin tí kálukú ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Bí ẹ bá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé ìdáná lẹ máa bá níbẹ̀, gáàsì, ìkòkò àti àpótí yìnyín. Àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún, ẹ ó sì gun àkàbà yẹn tó ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́. Bí orúnkún bá ti ń bá yín jà, ibẹ̀ ló ti máa fara hàn.

Ọjọ́ kan, kìlómítà 200. Ọjọ́ mìíràn, ó lé ní 500, ẹ ó jí ní aago 5, ẹ ó tú àgọ́ nínú òkùnkùn, ẹ ó mu tíì ní ìdúró, ẹ ó sì jókòó fún wákàtí 10. Kò sí ilé ìtura tó ń dúró dè yín lójú ọ̀nà. Bí ìgbẹ́ bá gbé èèyàn, awakọ̀ á dúró, ọkùnrin á gba apá kan, obìnrin á gba apá kejì, ẹni tó bá nílò ọkọ́ á mú ọkọ́. Mo mọ obìnrin tí ìtìjú èyí mú, tó wá fi omi mímu du ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, orí fífọ́ ló bá a dé Iringa ní Tanzania. Ẹ mú ìró kan dání, ìró Ìbàdàn lásán. Ẹ ró o, ẹ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ á máa jowú yín.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Bí ẹ bá jí ní ọjọ́ kẹrin tí ẹ̀yìn yín ṣì gbà kí ẹ gbálẹ̀, ẹ ti yege.

Ti àgọ́ rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni méjì ni wọ́n ń fún ní ọ̀kan, aṣọ tó nípọn ni, wọ́n á fún yín ní fóòmù pẹ̀lú. Àpò ìsùn nìkan ni kálukú ń gbé wá láti ilé. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀yin àti ọmọ yín á fi ta á. Iṣẹ́ ló kù. Wọ́n á pín èrò sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́: àwọn kan á bá alásè gé àlùbọ́sà, àwọn kan á fọ abọ́, àwọn kan á gbá inú ọkọ̀. Abọ́ fífọ̀ yẹn ní òfin tirẹ̀. Bàsíà mẹ́ta la máa ń gbé kalẹ̀, ọṣẹ nínú ti àkọ́kọ́, oògùn apakòkòrò nínú ìkejì, omi mímọ́ nínú ìkẹta, a kì í sì í fi aṣọ nù wọ́n, torí aṣọ ìnuwọ́ kan ṣoṣo lè kó inú rírun ran gbogbo ọkọ̀. Ńṣe la máa ń mú àwo méjì méjì lọ́wọ́, ká máa jù wọ́n síwá sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́ títí tí wọ́n á fi gbẹ. Ẹ wo èèyàn mẹ́fà tí wọ́n ń ju àwo bíi lékeléke tó fẹ́ fò, ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ jókòó torí pé ẹ jẹ́ àgbà. Ibi àwo yẹn ni wọ́n ti máa ń di ọ̀rẹ́.

Ẹ ó bẹ̀rù ẹranko lóru, kò sì burú kí ẹ bẹ̀rù díẹ̀. Ibùdó Seronera ní àárín Serengeti kò ní ọgbà kankan. Ìkookò a máa rìn gba àárín àgọ́ kọjá, mo ti rí ibi tí ọ̀kan ti gbé bàtà awọ ọmọkùnrin kan lọ ní àtẹ́lẹ̀ àgọ́, ẹsẹ̀ kan la rí padà, ó sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀: bàtà wọlé, oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọlé, kódà bísíkíìtì, ẹ fa síìpù dé òkè. Bí ìtọ̀ bá jí yín, ẹ kọ́kọ́ yọrí díẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yíká. Bí ojú méjì bá dán padà sí yín, ẹ padà sùn. Ní South Luangwa ní Zambia, èso ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún èèyàn nípa rẹ̀, torí erin ń gbóòórùn ọsàn àti máńgòrò láti òkèèrè, àgọ́ kò sì tó nǹkan tí Àjànàkú ń fi imú tì.

Ó wá kan pásípọ́ọ̀tù. Ìlú mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni ọjọ́ 56 yẹn ń gbà kọjá, lọ́rì kì í sì í dúró de ẹnìkan ní ẹnubodè. Ọmọ wa kan wà nínú ọkọ̀ mi nígbà kan, ìwé rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ wọ́n dá a dúró ní ẹnubodè kan fún wákàtí 5 wọ́n ń yẹ ìwé náà wò, nígbà tí àwọn tó kù fi ìṣẹ́jú 20 kọjá. A dúró títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, a sì ní láti lọ. Bọ́ọ̀sì ni ó fi lé wa bá ní ọjọ́ kejì. Èmi ni aṣíwájú, ojú tì mí, ṣùgbọ́n èèyàn 21 ló wà nínú ọkọ̀ tí ibi tí wọ́n máa sùn ti wà níwájú.

Nítorí náà, ẹ gba gbogbo físà tí ẹ bá nílò nílé kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀ de ojú ọ̀nà. Òfin àwọn ìlú yìí ń yí padà lọ́dọọdún, ìgbà mìíràn ó ń yí sí rere fún wa, torí náà ilé iṣẹ́ aṣojú ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe ẹni tó lọ ní ọdún kẹta. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú sí: físà ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Bí ẹ bá gba ti South Africa ní oṣù kẹfà, tó sì jẹ́ pé ìparí oṣù kẹsàn-án lẹ máa débẹ̀, ó lè ti kú sínú ìwé. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ní kí ẹ gé ìrìn náà sí méjì. Ẹ bá ilé iṣẹ́ tó ni lọ́rì gba lẹ́tà tó kọ ọjọ́ tí ẹ máa dé ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pásípọ́ọ̀tù yín dọ̀tun, olójú ewé 64 ni kí ẹ gbà. Òǹtẹ̀ àti físà ń jẹ ojú ewé bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé iṣu, South Africa sì lè dá èèyàn padà bí kò bá sí ojú ewé òfìfo mọ́. Ti ọmọ yín rọrùn ju tiyín lọ, àmọ́ kí òun náà má sùn: láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Namibia ti ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Bìrìtìkó.

Káàdì ìbà pọ́njú náà ńkọ́? Láti Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, gbogbo wọn ló máa béèrè rẹ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì tó títí ayé. Ọmọ yín lè sọ pé láti England lòun ti ń bọ̀, kò kan òun. Ó kàn án. Ní kété tó bá ti kúrò ní Kenya wọ Tanzania, ìlú tó ní ìbà pọ́njú ló ti ń bọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹran tó ń la odò kọjá wá nìyí, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Wildebeest, ẹran ìgbẹ́ oníwo tó jọ màlúù, tó lé ní mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tí wọ́n jọ ń rìn, ló ń yí Serengeti àti Masai Mara ní Kenya po láti ọdún dé ọdún. Òjò àti koríko tútù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní oṣù kejì, apá gúúsù ní ìhà Ndutu ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń la odò Mara kọjá, ní àríwá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé Seronera, ní àárín, ni ọ̀pọ̀ lọ́rì ń sùn. Bí ẹ bá dé Seronera ní oṣù kẹjọ, ẹ ó rí kìnìún, ẹ ó rí àmọ̀tẹ́kùn lórí igi bí Ọlọ́run bá ṣe é, àmọ́ agbo ńlá ti kọjá lọ. Ẹ wo ìwé ètò ìrìn náà dáadáa. Bí Masai Mara ti Kenya kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá òmíràn. Oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni kí ẹ lọ, ẹ má sì dán oṣù kẹta sí ìkarùn-ún wò, ẹrẹ̀ dúdú ibẹ̀ ń gbé lọ́rì mì.

Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí fún yín. Mo ti jókòó sétí odò Mara rí láti aago 9 àárọ̀ di aago 2 ọ̀sán. Ẹran tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá dúró sétí bèbè, eruku ń sọ, wọ́n ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ ńlá. Èyí tó wà níwájú sọ̀ kalẹ̀, ó fi pátákò kan kan omi, ó gbé e sókè, ó wo ọ̀nì tó na ara rẹ̀ gbọọrọ lórí iyanrìn lódì kejì. Ó yí padà, gbogbo wọn sì yí padà. A lọ jẹ ìrẹsì. Ní alẹ́ ni ọkọ̀ mìíràn wá ń sọ fún wa pé aago 4 ni wọ́n kọjá.

Ngorongoro, kòtò ràgàjì kan ní Tanzania tí ẹranko kún inú rẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Ibùdó wà ní ètí kòtò náà, ní gíga tó tó mítà 2,300, òtútù ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ kò ṣe é fi ẹnu sọ fún ará Ìbàdàn. Àpò ìsùn tó lè gba èèyàn ní òtútù òdo ni kí ẹ rà, kí ẹ sì mú fìlà olówùú. Lọ́rì kì í wọ inú kòtò. Ọkọ̀ jíìpù kéékèèké ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí 600 mítà sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè fojú rí àgbáńréré.

Lẹ́yìn èyí, Dar es Salaam, ní Tanzania náà, lẹ́yìn náà erékùṣù Zanzibar, níbi tí ẹ ti máa sun orí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ó sì rántí pé ẹ ní ẹ̀yìn. (Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, Zanzibar ń gba owó adójútòfò dọ́là 44 lọ́wọ́ àlejò, ẹ fi í sínú ìṣirò.) Bí ẹ bá kúrò ní Dar, títì gba àárín ọgbà ẹranko Mikumi kọjá, ẹ ó máa rí erin àti àgùnfọn láti ojú fèrèsé nígbà tí tírélà ń sáré kọjá wọn. Kí ẹ tó dé Iringa, ẹ ó wọ àfonífojì kan tó kún fún igi oṣè, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n dúró bí àwọn ìyá àgbà tó sanra tí wọ́n ń retí ẹnìkan. Kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan, síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ́nà yẹn. Ẹ má sùn kọjá rẹ̀.

Adágún Malawi gùn tó kìlómítà 580, ó mọ́ gaara, ọmọ yín á fẹ́ fò sínú rẹ̀. Àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Èmi náà wẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe àyẹ̀wò ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń lo praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá, bí dókítà bá ní kí n lò ó. Ẹ jìnnà sí etí omi tí koríko pọ̀ sí.

Lẹ́yìn Zambia lẹ máa dé Victoria Falls, mítà 108 ni omi ń já láti òkè. Ní oṣù kẹrin, ìkùukùu omi rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn lè má rí nǹkan kan. Ní oṣù kẹwàá, apá Zambia á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Oṣù kẹjọ wà láàárín, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi yan àkókò yẹn fún yín.

Ìdajì kejì, Botswana, Namibia dé Cape Town, dára gan-an: iyanrìn pupa Sossusvlei ní Namibia ní òwúrọ̀, àti àga gbọọrọ tó wà létí omi Okaukuejo nínú ọgbà ẹranko Etosha, ní Namibia náà, tí èèyàn á jókòó sí lóru tí erin á wá mumi lábẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ọ̀nà gùn níbẹ̀ ju ti ìlà oòrùn lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín sinmi ná. Ní ti ìnàkí inú igbó Bwindi ní Uganda, tó wà nínú ọjọ́ 56 yẹn, ìwé àṣẹ láti wo ìnàkí nìkan jẹ́ dọ́là 800 ní Uganda, 1,500 ní Rwanda, fún wákàtí kan pẹ̀lú wọn, bí ikọ́ bá sì ń ṣe yín lọ́jọ́ náà wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gòkè. Rwanda kì í yọ ọmọ Áfíríkà lẹ́nu lórí físà. Ẹ fi sí ìrìn ọ̀tọ̀.

Ẹ̀fọn ni kí ẹ bẹ̀rù ju ẹfọ̀n lọ. Ẹni tó ti ń gbé òkè òkun pẹ́ bí ọmọ yín, agbára tí ara rẹ̀ ní lórí ibà láti kékeré ti lọ, àwọn ọmọ wa tó ń sọ pé "mo ti ní ibà rí" ló sì ń ṣàìsàn jù. Kí ẹ̀yin méjèèjì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ìdènà kí ẹ tó lọ. Eṣinṣin tsetse ń bù èèyàn jẹ ní ọ̀sán, ó sì fẹ́ràn aṣọ búlúù àti dúdú, ẹ fi àdìrẹ sílẹ̀ nílé.

Ẹ má fi ọ̀rá di ẹrù. Mo mọ̀ wá, gbogbo nǹkan ni a ń dì sínú náílọ̀n dúdú. Kenya ti fòfin de ọ̀rá láti ọdún 2017, Tanzania láti 2019, wọ́n sì lè gbà á ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Àpò aṣọ ni kí ẹ lò, kí báàgì yín jẹ́ èyí tó rọ̀, torí àpótí líle kì í wọ inú àpótí lọ́rì. Kò gbọdọ̀ sí aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà níbẹ̀, Zambia àti Zimbabwe kì í gbà á fún aráàlú. Dọ́là tí ẹ máa mú, kí ó jẹ́ tuntun, èyí tí wọ́n tẹ̀ láti 2013 síwájú, kí wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀.

Gàrí àti ata? Ẹ mú ata gbígbẹ lílọ̀, ẹ dákun. Oúnjẹ inú ọkọ̀ ń ṣara lóore, ṣùgbọ́n kò ta. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí, pọ̀ǹmọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ẹnubodè kan á gbà á lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá sì lọ ìdajì kejì, ní Botswana wọ́n ń tú fìríìjì ọkọ̀ yẹ̀wò lójú ọ̀nà nítorí àrùn màlúù, wọ́n á sì ní kí ẹ fi àtẹ́lẹ̀ bàtà tẹ oògùn. Gàrí kílò kan tàbí méjì nínú ike kò burú, ẹ sọ ohun tó jẹ́ bí wọ́n bá bi yín. Àmọ́ bí ẹ bá dé etí adágún ní ìhà Nkhata Bay ní Malawi, ẹ béèrè kondowole lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi rò ó, ẹja adágún ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Bí ẹ bá bu òkèlè kan, ẹ ó mọ̀ pé àbúrò láfún ni.